Bí sparse ṣe ń mọ irú ẹ̀rọ tí wọ́n kọ kóòdù C fún

Kò sẹ́ni tó ń fúnra rẹ̀ la `__x86_64__`, orúkọ tó ń sọ pé ẹ̀rọ x86 oníbíìtì 64 ni, sílẹ̀ nínú fáìlì C tirẹ̀, síbẹ̀ àwọn header (fáìlì ìkéde) tó ń pè wọlé gbára lé e. GCC, compiler tó ń sọ kóòdù C di èyí tí ẹ̀rọ lè ṣe, ló máa ń là á sílẹ̀ kó tó ka ìlà àkọ́kọ́. Fún ARM oníbíìtì 64, `__aarch64__` ló máa là sílẹ̀. Irú macro (orúkọ tó dúró fún nǹkan mìíràn nínú kóòdù) bẹ́ẹ̀ pọ̀ ju 200 lọ. Àṣẹ `gcc -dM -E - < /dev/null` á to gbogbo wọn jáde.

Sparse, irinṣẹ́ tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní 2003 láti fi yẹ kóòdù kernel Linux wò, gbọ́dọ̀ la tirẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí `__x86_64__` bá sọnù, `gnu/stubs.h` ti glibc (àkójọ iṣẹ́ C tí Linux sábà ń lò) á rò pé ẹ̀rọ oníbíìtì 32 ni, á sì wá `gnu/stubs-32.h` lọ. Fáìlì yẹn kì í sábà sí lórí ẹ̀rọ tó jẹ́ 64 nìkan, nítorí náà iṣẹ́ á dúró síbẹ̀.

Ìyẹn ṣì sàn, torí ó pariwo. Èyí tó ń dákẹ́ ló burú. Ẹ wo èyí:

`char c = -1; if (c < 0) …`

Lórí Linux ti x86, òótọ́ ni ìbéèrè yẹn. Lórí Linux ti ARM, irọ́ ni, torí `char` ibẹ̀ kì í gba iye òdì. GCC sì ń fi `__CHAR_UNSIGNED__` kéde rẹ̀. Bí irinṣẹ́ bá la macro yìí sílẹ̀ ṣùgbọ́n tó ń ṣírò `char` bíi ti x86, header á máa sọ ọ̀kan, ìṣirò á máa sọ òmíràn. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí macro àti ìwọ̀n àwọn type (irú dátà, bíi `char`) ti orísun kan náà wá: ẹ̀rọ tí aṣàmúlò fi `--arch` dárúkọ.

Orúkọ ẹ̀rọ nìkan kò tó o. Báìtì 8 ni `long` lórí Linux oníbíìtì 64, 4 ni lórí Windows oníbíìtì 64. Nínú x32, ọ̀nà mìíràn tí Linux ń gbà lo ẹ̀rọ x86-64, `__x86_64__` wà níbẹ̀, pointer (àdírẹ́sì inú memory) sì jẹ́ báìtì 4 péré.

Ṣé kò wá rọrùn kí irinṣẹ́ kàn gba gbogbo àkójọ GCC wọlé? Rárá, torí ìlérí ni macro. Ẹni tó bá gba `__GNUC__` tó jẹ́ 7 sókè lórí x86-64 ti sọ fún glibc pé òun mọ `_Float128`, type nọ́ńbà onídẹ́símà tó jẹ́ bíìtì 128. Bí irinṣẹ́ náà kò bá mọ̀ ọ́n, inú header gan-an ló ti máa há.