Ìgbóná Màlúù Kọ́ Ló Wà Nínú Oògùn Ìbupá

Bi àwọn èèyàn léèrè ohun tí wọ́n fi ń bupá fáwọn bàbá wa nígbà tí ilẹ̀ gbígbóná, ìyẹn ṣọ̀pọ̀ná, ṣì ń jà: ọ̀pọ̀ á ní ìgbóná màlúù ni, àrùn ara màlúù tó jọ ọ́. Wọn ò jẹ̀bi. Látinú "vaccinus", tó túmọ̀ sí "ti màlúù" lédè Látìn, ni orúkọ tí Òyìnbó ń pe àjẹsára ti wá.

Edward Jenner, dókítà ará Berkeley nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló fi ọ̀rọ̀ náà sórí ìwé rẹ̀ ní 1798. Ọdún méjì ṣáájú ló ti gba omi egbò ìgbóná màlúù lọ́wọ́ Sarah Nelmes, ọmọge tó ń fún wàrà, tó fi sín gbẹ́rẹ́ sápá James Phipps, ọmọ ọdún 8.

Àmọ́ Jenner fúnra rẹ̀ ò gbà pé ara màlúù ni àrùn náà ti ṣẹ̀. Ẹṣin ló fura sí! Ó ní ẹni tó ń tọ́jú egbò ẹsẹ̀ ẹṣin lè má fọwọ́ kó tó bọ́ sídìí màlúù láti fún wàrà. Ọmú màlúù á yọ egbò, á sì ran àwọn tó ń fún un. Wọ́n bá a jiyàn títí. Síbẹ̀, nígbà tó di 1817, omi egbò tó ti ara ẹṣin wá ló tún fi ń sín gbẹ́rẹ́.

Ní 1939, Allan Downie, onímọ̀ nípa kòkòrò àrùn, fi kòkòrò inú oògùn ìbupá wé ti ìgbóná màlúù, ó sì rí i pé ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ní 2017, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kéde àyẹ̀wò oògùn kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1902: ìgbóná ẹṣin ló fẹ́rẹ̀ẹ́ bá mu délẹ̀délẹ̀. Èyí ò ní kí ẹnikẹ́ni búra pé wọn ò lo ti màlúù rí o. Apá dé apá ni wọ́n ń gbé omi egbò náà kiri fún ọ̀pọ̀ ọdún, ta ló ṣàkọsílẹ̀ gbogbo rẹ̀?

Nígbà tó yá, ara ọmọ màlúù ni wọ́n ti ń mú oògùn náà pọ̀ sí i. Wọ́n á fá irun ikùn rẹ̀, wọ́n á ha á lára, wọ́n á fi oògùn ra á. Lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan, wọ́n á ha ohun tó sú jáde níbẹ̀ kúrò, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á pò ó mọ́ glycerin, omi kan tó ki. Ilẹ̀ oko lásán ni màlúù yẹn. Irúgbìn ti wà lọ́wọ́ kí wọ́n tó débẹ̀.