Ojú-Ìdọ́gba: Ohun Tí Ajá Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Dàgbà Ń Lọ Kọ́ Lọ́dọ̀ Àgùntàn

Bí ẹnìkan bá sọ pé òun ń mú ajá òun tí kò tíì ju ọmọ oṣù mẹ́wàá lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ajá ní iṣẹ́ dída àgùntàn, ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí ọkàn ẹni tó gbọ́ ni pé wọ́n fẹ́ kọ́ ajá náà láti máa lé àgùntàn. Lílé kò nílò olùkọ́. Ajá Border Collie, ìran ajá tí àwọn olùṣọ́ àgùntàn tó wà ní ààlà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Skọ́tlándì fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣa èyí tó dára jù nínú rẹ̀, tí wọ́n sì ń mú un bí sí i, ti gbé lílé wá láti inú ìyá rẹ̀. Ibi tó yẹ kó dúró sí ló ń lọ kọ́. Ibi ìdúró yẹn ni àwọn olùkọ́ ń pè ní balance, tí mo pè ní ojú-ìdọ́gba nínú àlàyé yìí, nítorí pé níbẹ̀ ni agbára ajá, ìbẹ̀rù àgùntàn àti ìdúró ènìyàn ti ń bá ara wọn dọ́gba.

Gbogbo ajá ló ṣẹ̀ wá láti ara ìkookò, ìkookò tó bá sì ń wá oúnjẹ ní ìgbésẹ̀ tó máa ń tẹ̀ lé: yóò tẹjú mọ́ ẹran, yóò rẹ ara sílẹ̀ yọ́ tẹ̀ lé e, yóò lé e, yóò gbá a mú, yóò sì pa á. Ajá ọdẹ tí àwa mọ̀ nílé, tó ń bá ọdẹ wọ igbó lọ dẹ ọ̀yà, kò fi lílé àti gbígbámú ṣeré rárá. Ní ti Border Collie, àwọn tó ń sìn ín mú kí títẹjúmọ́ àti yíyọ́tẹ̀lé lágbára lára rẹ̀ ju ti ajá mìíràn lọ, wọ́n sì ń yọ àwọn tó bá fẹ́ràn láti máa bu àgùntàn jẹ kúrò nínú àwọn tí wọ́n ń mú bímọ. Old Hemp, ajá tí wọ́n bí ní 1893 lọ́dọ̀ Adam Telfer ní Northumberland, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó sì kú ní 1901, ni wọ́n kà sí baba ńlá ìran yìí. Ajá jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, ojú tó fi ń wo àgùntàn sì ti tó láti mú wọn gbéra láìsí pé ó gbó. Ọ̀pọ̀ Border Collie tó ń ṣiṣẹ́ lónìí ló ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lára.

Àgùntàn ní tirẹ̀ jẹ́ ẹran tí ẹran mìíràn ń pa jẹ. Ẹ̀gbẹ́ orí ni ojú rẹ̀ wà, ó sì ń rí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo àyíká rẹ̀ láìyí ọrùn, àfi ìwọ̀nba ibi díẹ̀ tó wà lẹ́yìn ìdí rẹ̀. Yíká ara àgùntàn kọ̀ọ̀kan ni àyè kan wà tí kò fẹ́ kí ohun tó ń bà á lẹ́rù wọ̀. Heini Hediger, onímọ̀ nípa ẹranko tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Switzerland, kọ̀wé lórí irú àyè bẹ́ẹ̀ lára onírúurú ẹranko. Ẹ jẹ́ ká pe etí rẹ̀ ní ààlà ìsá. Bí ajá bá wà lẹ́yìn ààlà náà, àgùntàn yóò kàn dúró máa wò ó. Bí ajá bá tẹ ẹsẹ̀ kan bọ̀ ọ́, àgùntàn yóò yí ẹ̀yìn sí i, yóò sì máa rìn lọ. Bó bá já wọ inú rẹ̀ lójijì, agbo yóò tú ká, oníkálukú yóò sì sá gba ọ̀nà tirẹ̀. Ààlà yìí kò dọ́gba lára gbogbo àgùntàn. Èyí tó ń gbé orí òkè Skọ́tlándì, tí kì í sábà rí ènìyàn, lè ti máa sá nígbà tí ajá ṣì wà lọ́ọ̀ọ́kán, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fi ń kọ́ ajá lójoojúmọ́ lè jẹ́ kí ajá sún mọ́ ọn dé ìwọ̀n mítà díẹ̀ kó tó gbé ẹsẹ̀. Nítorí náà ni olùkọ́ tó mọṣẹ́ fi máa ń ya àgùntàn tó farabalẹ̀ sọ́tọ̀ fún ajá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá fi ojú inú wo ojú aago ńlá kan tí a tẹ́ sórí koríko. Àgùntàn mẹ́rin wà ní àárín, ẹni tó ni ajá sì dúró níbi tí 6 wà. Bí ajá bá dúró ní 12, àgùntàn yóò kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tó wà ní 6 ni wọn yóò sì máa bọ̀ tààrà. Bó bá sún dé 2, wọn yóò forí lé 8, wọn yóò sì gba ẹ̀gbẹ́ ẹni náà kọjá lọ. Bó bá sún dé 10, wọn yóò yà sí 4. 12 yẹn ni ojú-ìdọ́gba, ṣùgbọ́n kò dúró lójú kan. Bí ẹni náà bá rìn lọ sí 3, ajá gbọ́dọ̀ ti wà ní 9 kí ẹni náà tó fẹsẹ̀ rinlẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀nà ìfà sì tún wà nínú rẹ̀. Ká ní ẹnu ọ̀nà pápá wà ní ìhà 3, tí àwọn àgùntàn yòókù sì ń ké níta, ọkàn àwọn mẹ́rin wọ̀nyí yóò máa fà sí ibẹ̀, bí ajá bá sì dúró ní 12 gan-an, wọn yóò yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ bá ẹgbẹ́ wọn. Ajá tó ní làákàyè yóò sún sí 1 tàbí 2, yóò dí ìfà náà, àgùntàn yóò sì tún máa bọ̀ ní 6. Kò sí ẹni tó fi èyí kọ́ ọ. Ara àgùntàn ló ti kà á, láti inú bí etí kan ṣe yí àti bí èjìká kan ṣe tẹ̀, ohun tí ènìyàn tó dúró níwájú kò tíì rí. Mo gbà pé kò sí ohun tó yani lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo iṣẹ́ tí ajá ń bá ènìyàn ṣe.

Bí olùkọ́ ṣe ń mú èyí jáde lára ajá rọrùn láti sọ, ó sì ṣòro láti ṣe. Wọn yóò kó àgùntàn díẹ̀ sínú pápá kékeré tí a fi ọgbà yí ká, wọn yóò sì mú ajá wọlé pẹ̀lú okùn gígùn lọ́rùn. Ènìyàn yóò máa fi ẹ̀yìn rìn, yóò máa yí ọ̀nà padà, àgùntàn yóò sì máa tẹ̀ lé e nítorí pé wọ́n ti mọ̀ pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ààbò wà. Bí ènìyàn ti ń yà sọ́tùn-ún, ni ajá ń yípo lọ sí òdìkejì kó lè kó wọn padà wá. Nígbà tó bá bọ́ sí ojú-ìdọ́gba, ẹnikẹ́ni kò ní sọ ohunkóhun, a óò jẹ́ kó máa bá iṣẹ́ lọ, nítorí pé àgùntàn tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ni èrè rẹ̀. Bó bá já wọ àárín agbo, olùkọ́ yóò bọ́ síwájú rẹ̀, yóò na ọ̀pá jáde, yóò sì tì í padà sí ẹ̀yìn ààlà. Ọ̀pá náà wà láti mú apá olùkọ́ gùn sí i. Ẹni tó bá fi na ajá ti ba ẹ̀kọ́ jẹ́, nítorí ajá tó ń ṣọ́ ọ̀pá kò ní rójú wo àgùntàn mọ́.

Oṣù mẹ́jọ sí méjìlá ni ọ̀pọ̀ ajá máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti yá ju ti àgùntàn lọ kó tó lè yí wọn po, ọkàn rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ti lè gba ìbáwí. Bí abo àgùntàn bá dojú kọ ọmọ ajá tó kéré jù, tó sì kàn án lórí, ìbẹ̀rù yẹn lè pẹ́ lára rẹ̀ gan-an. Ajá mìíràn yóò kàn máa gbóòórùn koríko ní ọjọ́ àkọ́kọ́, yóò máa jẹ ìgbẹ́ àgùntàn, bíi pé kò rí ẹran kankan. Kí ẹni tó ni ín má ṣe banújẹ́; ọ̀rọ̀ náà pọ̀ jù fún un ni, ó sì lè jí lójijì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó fún irú wọn lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹnikẹ́ni má lọ fi àgùntàn tí kì í ṣe tirẹ̀ dán ajá wò létí ọ̀nà: òfin ti wà ní Gẹ̀ẹ́sì láti 1953 tó fi ìyà jẹ ẹni tí ajá rẹ̀ bá ń da ẹran ọ̀sìn láàmú, ajá tó bá sì sáré láìsí olùkọ́ lè pa àgùntàn olóyún.

Ẹ̀yìn tí ajá bá ti ń ṣe é ni a tó ń fún ohun tó ń ṣe lórúkọ. Bó bá ń yípo bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, olùkọ́ yóò sọ "come bye". Bó bá ń yípo sí òdìkejì, yóò sọ "away". "Lie down" ni pé kó dùbúlẹ̀, "that'll do" sì ni pé kó fi wọ́n sílẹ̀ kó padà wá. Bó bá yá, fèrè kékeré yóò gba ipò ohùn, nítorí pé afẹ́fẹ́ orí òkè máa ń gbé ohùn lọ. Àwọn àgbà wa sọ pé ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, àwọn darandaran wọ̀nyí náà sì mọ̀ ọ́n lédè tiwọn: kí wọ́n tó jẹ́ kí ajá rí àgùntàn, wọ́n ti kọ́kọ́ rí i dájú pé ó ń dáhùn bí wọ́n bá pè é.

Ìdíje dída àgùntàn àkọ́kọ́ ní Bìrìtéènì wáyé ní Bala, ní Wales, ní 1873, wọ́n sì dá International Sheep Dog Society, ẹgbẹ́ àgbáyé fún ajá tó ń da àgùntàn, sílẹ̀ ní 1906. Nínú irú ìdíje bẹ́ẹ̀, wọn yóò rán ajá lọ sí ibi jíjìn réré kó lọ bọ́ sí ẹ̀yìn àgùntàn, ìyẹn 12 tí a ti ń sọ láti òkè wá. Lẹ́yìn tó bá ti kó wọn dé ni wọn yóò ní kó máa dà wọ́n lọ kúrò lọ́dọ̀ ènìyàn, ibi tó nira jù sì nìyẹn fún ajá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Ní 6, ní ẹ̀gbẹ́ olówó rẹ̀, ló gbọ́dọ̀ wà báyìí, tí gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń fà á lọ sí 12 láti lọ kó wọn padà. Yóò rìn díẹ̀, yóò bojú wẹ̀yìn, yóò sì fẹ́ sá yí wọn po. Nítorí náà, olùkọ́ yóò máa bá a rìn ní ẹ̀gbẹ́, ìṣísẹ̀ márùn-ún péré ní ọjọ́ kìn-ín-ní, kó tó sọ "that'll do", tí wọn yóò sì jọ padà sí ẹnu ọ̀nà.