Mọ́tò drag tí tàyà iwájú ń fà: irú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wo ló yẹ ẹ́?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ní Houston ra Honda Civic ọdún 1994, ó ní òun fẹ́ máa fi sá eré drag. Eré yẹn kò ní kọ́nà: mọ́tò méjì á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, iná á tàn, wọ́n á sì sá tààrà fún mítà 402 tàbí ìdajì rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni fóònù mi kò ti sinmi. Ohun tó ń rú u lójú jù ni ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ìyẹn sípíríǹgì, sọ́kì àti àwọn àámù tó so tàyà ẹ̀yìn mọ́ bọ́dì. Mo kọ ìbéèrè rẹ̀ síbí bó ṣe bi wọ́n, torí mo mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ń dà láàmú.

Bọ̀ọ̀dá, tàyà iwájú ló ń fa mọ́tò mi. Kí ló wá kan ti ẹ̀yìn?

Ó kàn án púpọ̀. Rántí danfo: bí dírẹ́bà bá fún un níná lójijì, gbogbo èrò á fì sẹ́yìn. Bí ara èrò ṣe ń fì yẹn náà ni ìwúwo mọ́tò ṣe ń fì, tí ìdí á wúwo, tí imú á fúyẹ́. Mọ́tò tí tàyà ẹ̀yìn ń tì máa ń jèrè èyí, torí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ni ẹrù lọ bá, ẹrù ló sì ń jẹ́ kí tàyà di ilẹ̀ mú. Lára tìrẹ, ọwọ́ tàyà tó ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ti ń gba ẹrù, tí wọ́n ń kó o fún èyí tó kàn ń yí tẹ̀lé e. Bí Golf bá há sínú ẹrẹ̀ nílé, ẹni tó gbọ́n á ní kí èèyàn méjì lọ tẹ bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní mọ́tò rẹ, pẹ̀lú ìwọ nínú rẹ̀, wọn 900 kílò, kí ìdá 62 nínú 100 wà níwájú. Ìyẹn jẹ́ 558 kílò níwájú, 342 lẹ́yìn. Láti àárín tàyà iwájú dé àárín ti ẹ̀yìn lára Civic onílẹ̀kùn mẹ́ta ti 1992 sí 1995 jẹ́ mítà 2.57. Ibi tí gbogbo ìwúwo mọ́tò pàdé sí, tí màá máa pè ní oríta ìwúwo, ká fi í sí ìdajì mítà sókè ilẹ̀. Bí mọ́tò bá fò síwájú pẹ̀lú agbára tó dọ́gba pẹ̀lú èyí tí ilẹ̀ fi ń fa nǹkan bọ̀ wá sísàlẹ̀, ìṣirò rẹ̀ ni 900 × 0.5 ÷ 2.57, ó jẹ́ 175 kílò. Iwájú ku 383. Kílò 383 yìí ni yóò fa 900. Tàyà ojú títì lásán kò lè ṣe é, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo slick, tó rọ̀ tó sì ń lẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ṣé tí mo bá ki sípíríǹgì tó le koko sẹ́yìn, ẹrù ò ní sún mọ́?

Á ṣì sún. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń náwó dànù. Padà wo ìṣirò yẹn: ìwúwo, gíga oríta ìwúwo, gígùn láàárín tàyà, àti bí mọ́tò ṣe fò tó. Sípíríǹgì kò sí níbẹ̀. Ì báà rọ̀ bíi tìmùtìmù, ì báà le bí òkúta, kílò 175 á kúrò níwájú.

Síbẹ̀, sípíríǹgì líle níṣẹ́ tó ń ṣe, mi ò sì ní sá eré yìí láìní in. Bí ìdí bá rọ̀, á jókòó, imú á dìde. Bí imú bá ti dìde, àámù iwájú á yí igun rẹ̀ padà, ojú slick tó yẹ kó tẹ́ pẹrẹsẹ lórí ilẹ̀ á dúró lórí ẹ̀gbẹ́ kan. Lẹ́yìn ìyẹn ni mọ́tò á bẹ̀rẹ̀ sí fì síwá sẹ́yìn, tí tàyà á máa já ilẹ̀ tí á tún máa dì í mú, ìró rẹ̀ á sì máa gbọ̀n ọ́ nínú ìjókòó. Ẹ́ńjìnnì tó bá lágbára lè kán irin tó ń yí tàyà níbẹ̀. Nítorí náà, mú ẹ̀yìn le dáadáa, kó le ju bó ṣe jáde nílé iṣẹ́ lọ ní ìlọ́po mélòó kan, kí o sì fi okùn tàbí irin dá iwájú dúró kí bọ́dì má lè gòkè púpọ̀ kúrò lórí tàyà.

Àwọn kan ní kí n gbé ìdí sókè kí ẹrù lè ṣàn síwájú.

Mo ti rí wọn. Ìdí mọ́tò á ga bíi ti akéekèé tó fẹ́ ta èèyàn. Tún ṣírò o: bí o bá gbé ẹ̀yìn sókè ní sẹ̀ǹtímítà 5, kílò mẹ́ta àti díẹ̀ péré ló máa ṣàn síwájú. Ṣùgbọ́n oríta ìwúwo ti gòkè ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2, èyí tó máa gba bíi kílò 7 lọ́wọ́ iwájú nígbà tí o bá fò. O pàdánù.

Imú ni kí o rẹ̀ sílẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà 5 kan náà níwájú á fún ọ ní kílò mẹ́ta yẹn, oríta ìwúwo á tún sọ̀kalẹ̀ ní nǹkan bíi 3, á dá bíi kílò 11 mìíràn padà. Kìkì pé kí o ṣọ́ igun àwọn irin tó ń yí tàyà iwájú, kí wọ́n má wọ́ jù.

Irú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wo gan-an ni kí n yàn?

Ó dọ́wọ́ ohun tó wà lábẹ́ mọ́tò tẹ́lẹ̀. Civic tìrẹ, bíi gbogbo Civic láti 1988 dé 2000, ní àámù gígùn kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó na láti iwájú wá sẹ́yìn, trailing arm ni wọ́n ń pè é, pẹ̀lú àwọn àámù kéékèèké tó dì í mú láti ẹ̀gbẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, nígbà tí Frank Choi ń ṣe ìdíje Battle of the Imports ní Palmdale, California, Civic kún ibẹ̀, ẹsẹ̀ yìí ló sì wà lábẹ́ wọn. Torí kọ́nà ni Honda ṣe kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Bí ìdí bá ti ń jókòó, orí tàyà á máa tẹ̀ sínú, ojú rẹ̀ náà á sì yà díẹ̀. Nínú kọ́nà, oore ni. Lórí ọ̀nà tààrà, tàyà tí ojú rẹ̀ yà ń wọ́ ilẹ̀ ni, wíwọ́ yẹn sì ń jẹ eré, bẹ́ẹ̀ ló ń mú kí ìdí máa jó nígbà tí eré bá ti pọ̀.

Má tú u dànù. Níwájú trailing arm yẹn, bọ́ọ̀ṣì rọ́bà ńlá kan wà. Ti mọ́tò rẹ ti lé ní 30 ọdún bí wọn kò bá pààrọ̀ rẹ̀ rí, á ti ya, tàyà ló ń pinnu ibi tó máa kọjú sí fúnra rẹ̀. Pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó le, kí o wá tún ojú tàyà ṣe kó kọ tààrà láìyà rárá, ìwọ alára nínú ìjókòó nígbà tí wọ́n ń wọ̀n ọ́n.

Ẹni tó ní Golf àkọ́kọ́ ti 1974 ti rọrùn fún jù ọ́ lọ. Irin ìdábùú kan ṣoṣo ló so àámù ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, tó lè lọ́ díẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń fojú tín-ín-rín rẹ̀ pé ti olówó kékeré ni. Nínú eré yìí, mo fẹ́ràn rẹ̀ tọkàntọkàn: bọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kò pọ̀, ojú tàyà kì í yà púpọ̀.

Bí mo bá ń fi páìpù kọ́ mọ́tò láti ìbẹ̀rẹ̀, irin ìdábùú tààrà tí kì í lọ́ ni màá lò, pẹ̀lú àámù méjì tó na síwájú àti irin kan tó dì í mú kó má sún sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò sí gíà lẹ́yìn, kò sí irin tó ń yí tàyà, nítorí náà ó lè fúyẹ́ gan-an. Bí ìdí bá jókòó tàbí dìde, ojú tàyà méjèèjì dúró bí mo ṣe fi í.

Àwọn kan tiẹ̀ yọ sípíríǹgì kúrò pátápátá, wọ́n so ẹ̀yìn mọ́ bọ́dì gírígírí. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Gbé tábìlì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin sórí ilẹ̀ tí kò tẹ́jú, o máa rí i pé ẹsẹ̀ kan á wà lókè. Bí ẹsẹ̀ yẹn bá jẹ́ ti iwájú, tàyà náà á máa yí lásán.

Mo kà á pé igun àámù ẹ̀yìn lè mú kí ìdí má jókòó.

Ti mọ́tò tí ẹ̀yìn ń tì ni o kà. Agbára tí tàyà fi ń ti mọ́tò ló ń gba inú àámù gbé ìdí sókè. Tàyà ẹ̀yìn tìrẹ kò ti nǹkan kan. Gbàgbé rẹ̀.

Wheelie bar ńkọ́? Ṣé kì í ṣe tàwọn tí imú mọ́tò wọn ń gbéra nílẹ̀ ni?

Fún wọn, ìdènà ni. Fún ọ, ọ̀pá ìtìlẹ̀ ni, òun sì ni mo fẹ́ kí o náwó sí ju sípíríǹgì lọ. Irin méjì gígùn ni, wọ́n so ó mọ́ ìdí mọ́tò, táyà kékeré sì wà lẹ́nu rẹ̀ tó ń kan ilẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá gba ẹrù, ńṣe ló dà bíi pé mọ́tò rẹ gùn sí i. Ká ní ó na mítà 1.5 sẹ́yìn tàyà ẹ̀yìn, tó sì gba gbogbo ẹrù ẹ̀yìn: gígùn náà di 4.07, ìṣirò kan náà á fi nǹkan bíi 573 kílò sílẹ̀ fún tàyà iwájú dípò 383. Kò sí sípíríǹgì tó lè fún ọ nírú rẹ̀.

Má jẹ́ kó gba gbogbo rẹ̀ o. Tàyà ẹ̀yìn ló ń mú kí mọ́tò máa lọ tààrà, táyà kékeré yẹn kò lè dá ìdí dúró bó bá fẹ́ yà. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀nba, máa fi kún un díẹ̀díẹ̀, máa wo àkókò tó fi sá mítà 18 àkọ́kọ́. Ìdí bọ́dì níbi tí o so ó mọ́ gbọ́dọ̀ le, tàbí kí irin náà fà á ya. Ka ìwé òfin ìpele tí o fẹ́ bá wọn sá kí o tó dá irin kankan.

Ó kù ìkan. Bí mo bá dé ìparí ńkọ́?

Inú mi dùn pé o bi mí, torí ibẹ̀ ni ẹ̀mí wà. Bí o bá gbẹ́sẹ̀ kúrò tí o tẹ bíréèkì, ẹrù á padà síwájú. Bíréèkì líle lè dín 342 kílò ẹ̀yìn kù sí nǹkan bí 202. Tàyà tín-ín-rín, sípíríǹgì líle, ẹrù kékeré: gegele kan lásán lè gbé ìdí kúrò nílẹ̀, kó sì fẹ́ yí ọ po. Ra sọ́kì tó ṣeé tún ṣe, kí o dẹ ọ̀nà tó fi ń padà gùn kí tàyà lè tètè bá ilẹ̀, kí o sì dín bíréèkì ẹ̀yìn kù. NHRA, ẹgbẹ́ tó ń darí eré drag ní Amẹ́ríkà, sọ pé mọ́tò tó bá ń kọjá kìlómítà 241 ní wákàtí gbọ́dọ̀ ní páráṣúùtì. Má dúró dìgbà tí wọ́n bá fi dandan mú ọ.

Ní Sátidé, gbé mọ́tò sórí òṣùwọ̀n mẹ́rin, kí o jókòó sínú rẹ̀ pẹ̀lú àṣíborí rẹ, kí o fi nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ránṣẹ́ sí mi. 62 tí mo fi ṣírò yìí, èmi ni mo fojú dá a. Kí a tó gé irin wheelie bar, mo fẹ́ mọ iye tó jẹ́ gan-an.