Ẹ má tíì fá irùngbọ̀n yín nítorí ẹ̀rọ CPAP

Bí dókítà bá ti ní kí ọkùnrin kan máa fi ẹ̀rọ CPAP sùn, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gba inú ìbòmú fẹ́ afẹ́fẹ́ síni lójú oorun, ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé mo máa fá irùngbọ̀n mi ni?" Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti oge lásán. Àwọn kan dá a sí nítorí ẹ̀sìn. Àwọn mìíràn, abẹ kì í bá wọn lára mu: bí wọ́n bá ti fá a, kókó kéékèèké a sú bo ọrùn àti àgbọ̀n. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé kí wọ́n fi irun sílẹ̀ ná, ká wá ìbòmú tó bá ojú wọn mu.

Ẹ̀rọ yìí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ lọ sí ọ̀fun, kí ọ̀fun má baà pa dé lójú oorun. Pípadé yẹn ló ń mú kí ẹni tó ń hanrun dákẹ́ lójijì, kí èémí rẹ̀ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó tó ta gìrì. Rọ́bà etí ìbòmú gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ awọ. Níbi tí irun bá wà, kò ní lẹ̀ dáadáa, afẹ́fẹ́ á sì máa jò.

Nítorí náà, ibi tí ìbòmú ti ń kan ara ni kí ẹ wò. Èyí tí mo máa ń kọ́kọ́ gbé fún onírùngbọ̀n ni oní-rọ́bà kékeré méjì tó ń jókòó sẹ́nu ihò imú. Kò kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, kò kan àgbọ̀n. Irun ètè òkè tó bá gùn dé ihò imú nìkan ni ẹ máa fi àlùmọ́gàjí gé díẹ̀. Èyí tó bo imú nìkan tún dára, àmọ́ etí rẹ̀ jókòó sórí ètè òkè.

Èyí tó bo imú àti ẹnu ló ń fún onírùngbọ̀n ní wàhálà jù, torí àárín irun gan-an ni etí rẹ̀ ń bọ́ sí. Ẹni tó ń fi ẹnu mí ni wọ́n sábà máa ń fún. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ìdí tí ẹnu fi ń là. Bó bá jẹ́ pé imú ló dí, ẹ jẹ́ kí dókítà tọ́jú imú náà, ó ṣeé ṣe kí ẹ má nílò ìbòmú ńlá mọ́. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, ẹ gé irun ibi tí etí ìbòmú ń kàn mọ́lẹ̀, kí ẹ sì fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń tà fún un sáàárín.

Mi ò fọwọ́ sí kéèyàn ra ìbòmú láì gbé e wojú. Ẹ dùbúlẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń sùn, kí wọ́n tan ẹ̀rọ náà dé ìwọ̀n tí dókítà kọ, kí ẹ wá fà ìbòmú kúrò lójú díẹ̀ kí rọ́bà rẹ̀ lè kún fún afẹ́fẹ́, kí ẹ tó dá a padà jẹ́jẹ́. Ẹ yí sọ́tùn-ún, ẹ yí sósì. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ sẹ́bàá ẹyinjú: bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ sí i, ẹyinjú á gbẹ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún okùn pinpin. Ó máa ń ba bí rọ́bà ṣe jókòó jẹ́, ó sì ń dá egbò sí igi imú. Bó bá ṣì ń jò, ìwọ̀n mìíràn tàbí irú mìíràn ni kẹ́ ẹ béèrè.

Òrí àti òróró irùngbọ̀n, ẹ fi wọ́n sí òwúrọ̀, torí wọ́n ń mú kí ìbòmú máa yọ̀, wọ́n sì ń ba rọ́bà jẹ́. Lójoojúmọ́, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ tí kò le fọ rọ́bà náà.

Ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ sí lọ́kàn, ẹ yẹra fún ìbòmú tí okùn rẹ̀ ń fi mágínẹ́ẹ̀tì so. Bí ìbòmú yín bá sì bo imú àti ẹnu, ó ní ihò ààbò kan tó ń ṣí fúnra rẹ̀ bí iná bá lọ lóru, kí ẹ lè máa mí. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò nígbàkigbà tí ẹ bá ń fọ̀ ọ́, kó má dí.