Ìdókòwò sórí ilé okòwò

Ìdókòwò sórí ilé okòwò ni kí èèyàn kọ́ ilé, tàbí kó ra èyí tí wọ́n ti kọ́, kó sì máa gba owó ilé lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣòwò tàbí tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù, plásà, ọ́fíìsì, mọ́ọ̀lù, ilé ìkẹ́rùsí, ilé epo àti òtẹ́ẹ̀lì wà lára irú ilé bẹ́ẹ̀. Ó yàtọ̀ sí ilé gbígbé ní ti pé inú ọjà tí ayálégbé ń tà ni owó ilé ti ń jáde. Èèyàn lè fi owó oṣù rẹ̀ san owó yàrá tó ń sùn, àmọ́ ẹni tí ọjà rẹ̀ kò tà kò ní fi owó oṣù san owó ṣọ́ọ̀bù, ṣe ni yóò palẹ̀ mọ́. Èkó àti Ìbàdàn ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé.

Ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, òkè yàrá

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọ̀rúndún 19, nígbà tí àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé ń kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí Èkó, àwọn oníṣòwò a máa fi ìsàlẹ̀ ilé ṣe ṣọ́ọ̀bù, kí ìdílé máa gbé lókè. Ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ onílé ṣì ti ń bẹ̀rẹ̀ lónìí. Bàbá kan tó ní ilé oníyàrá mẹ́wàá tó kọjú sí títì á lu ògiri yàrá méjì iwájú, á fi ilẹ̀kùn irin tó ń ká sókè sí i, télọ̀ kan á gba ọ̀kan, oní POS á gba ìkejì. Kò pẹ́ tí owó yàrá méjì yẹn á fi sún mọ́ ti mẹ́jọ tó kù.

Ohun tí irú onílé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gbàgbé ni pé ilé gbígbé ni ìjọba fọwọ́ sí nínú pláànù rẹ̀. Ní Èkó, ẹni tó bá fẹ́ sọ ilé gbígbé di ilé okòwò ní láti gbàṣẹ lọ́dọ̀ àjọ tó ń fọwọ́ sí pláànù ilé. Láìsí ìwé yẹn, wọ́n lè ti ilé náà pa tàbí kí wọ́n kọ X pupa sára ògiri rẹ̀.

Èyí tó lókìkí jù lọ nínú ilé okòwò ilẹ̀ Yorùbá ni Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, Ìbàdàn. Owó kòkó ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà fi kọ́ ọ, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1965: alájà 26, tí gíga rẹ̀ tó mítà 105. Ilé Àwọn Àgbẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ́fíìsì ló kún inú rẹ̀. Lọ́nà yìí, owó irè oko di ilé, ilé sì di owó ilé. Iná jó o ní oṣù Kìíní 1985, ó sì di 1992 kí wọ́n tó tún un ṣí lẹ́yìn àtúnṣe. Odù'a Investment, ilé iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1976 láti máa bójú tó àwọn dúkìá tí Ìwọ̀-Oòrùn fi sílẹ̀, ló ni ín. Ẹni tó bá ń bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tó fi yẹ kí onílé san owó ìbánigbófò iná lọ́dọọdún lè fi ọdún méje yẹn ṣírò iye owó ilé tí ilé lè pàdánù.

Ìṣirò tó wà nídìí rẹ̀

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ yìí ni pé ó máa ń wo ilé kó tó wo owó. Ká fi plásà oníṣọ́ọ̀bù 20 ṣe àpẹẹrẹ, ká sì gbà pé ₦1,000,000 ni ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Lórí ìwé, ₦20,000,000 ló yẹ kó wọlé. Ṣùgbọ́n plásà tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kún láti January dé December ṣọ̀wọ́n, nítorí náà ẹ jẹ́ ká yọ ṣọ́ọ̀bù méjì tó ṣófo. Ó ku 18 mílíọ̀nù. Nínú rẹ̀ la ó ti san owó ọdẹ, owó alábòójútó, Land Use Charge (owó tí ìjọba ń gbà lórí ilé lọ́dọọdún), ìbánigbófò, kíkùn ilé, àti àtúnṣe ẹ̀rọ omi tó máa ń bàjẹ́ lọ́jọ́ tí a kò retí. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ 4.5 mílíọ̀nù, ohun tó wọ àpò onílé ni ₦13,500,000.

Bí ẹni tó fẹ́ ta plásà náà bá ní 180 mílíọ̀nù ni, a ó fi 180 pín 13.5, yóò fún wa ní 7.5%. Ìdá yìí ni àwọn oníṣirò ilé ń pè ní cap rate, òun ni wọ́n sì fi ń wé ilé kan mọ́ òmíràn. Ẹni tó ń tà kì í ṣírò rẹ̀ bẹ́ẹ̀ o. 20 mílíọ̀nù orí ìwé ni yóò fi síwájú oníbàárà, tí yóò sì sọ pé 11% ni ilé òun ń mú wá. Olùrà tó gbọ́n á béèrè fún ìwé ẹ̀rí owó tí wọ́n ti gbà lọ́dún méjì tàbí mẹ́ta sẹ́yìn, ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́yìn òmíràn. A tún lè yí ìṣirò náà padà: bí olùrà bá ti pinnu pé òun kò ní gbà ju 10% wálẹ̀, 135 mílíọ̀nù ló yẹ kó dá lé plásà yẹn.

Ẹ̀yáwó ló mú kí iṣẹ́ yìí yàtọ̀ ní Nàìjíríà sí bó ṣe rí ní Amẹ́ríkà tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù. Lọ́hùn-ún, owó bánkì ni olùdókòwò sábà máa ń fi ra èyí tó pọ̀ jù nínú ilé. Bánkì ní Amẹ́ríkà sábà máa ń fẹ́ kí owó tó ń kù lórí ilé lọ́dún tó ìlọ́po 1.25 gbèsè tí wọ́n ní láti san lọ́dún náà. Ní Nàìjíríà, Bánkì Àpapọ̀ gbé iye èlé ìpìlẹ̀ dé 27.5% ní oṣù Kọkànlá 2024, iye tí àwọn bánkì yòókù sì fi ń yáni lówó a máa ga ju ìyẹn lọ. Ẹni tó bá yá 90 mílíọ̀nù ní èlé 30% láti fi kún owó plásà wa yẹn, èlé ọdún kan ṣoṣo yóò jẹ́ 27 mílíọ̀nù, ìlọ́po méjì gbogbo èrè tí plásà ń mú wá. Kò sí bí ọjà ṣe lè tà tó tí yóò fi san gbèsè yẹn.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ plásà Èkó, owó ara ẹni, owó ẹbí tàbí owó àwọn tó fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n fi kọ́ ọ. Àwọn ọlọ́jà á ti máa san owó díẹ̀díẹ̀ látìgbà tí ilé ṣì wà ní ìpìlẹ̀, iye ṣọ́ọ̀bù á sì máa ga bí ilé ṣe ń ga. Ewu rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọlọ́jà ju ẹni tó ń kọ́lé lọ: bí iṣẹ́ bá dúró lójú ọ̀nà, òpó tí irin yọ lórí rẹ̀ ni yóò bá níbẹ̀.

Kí ló wá dé tí èèyàn fi ń ra ohun tó ń mú 7.5% wá? Náírà ni. Nígbà tí Bánkì Àpapọ̀ jọ̀wọ́ iye pàṣípààrọ̀ sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2023, dọ́là kan kò tíì tó ₦500 lọ́jà ìjọba. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejì 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Owó tó wà ní bánkì yọ́ mọ́ olówó lọ́wọ́. Ilẹ̀ àti ilé ní ti wọn a máa gbówó lórí bí náírà ṣe ń jábọ́, èyí sì ni èrè kejì tí kò hàn nínú ìwé owó ilé.

Irú ayálégbé

Nínú mọ́ọ̀lù, ayálégbé ńlá kan ló máa ń fa èrò wá, àwọn kéékèèké á sì máa jẹ lára èrò náà. Ayálégbé ńlá yìí kì í san iye tí àwọn tó kù ń san lórí mítà kan, nítorí òun gan-an ni onílé fi ń polówó. Shoprite ló kó ipa yìí ní The Palms, Lẹ́kí, nígbà tó kọ́kọ́ wọ Nàìjíríà ní 2005, àti ní Ikeja City Mall tó ṣí ní 2011. Ní 2021, ilé iṣẹ́ South Africa tó ni ín ta ti Nàìjíríà fún àwọn olùdókòwò mìíràn, Game, ilé ìtajà ńlá mìíràn, náà sì kó kúrò nílẹ̀ yìí lẹ́yìn rẹ̀. Gbọ̀ngàn tí irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ fi sílẹ̀ kò ṣeé fún télọ̀.

Ọ́fíìsì Ìkòyí àti Victoria Island ní ìṣòro tirẹ̀. Dọ́là ni ọ̀pọ̀ onílé ń fi dá owó lé e, torí pé dọ́là ni wọ́n fi ra ẹ̀rọ agbéniròkè, amúlétutù àti gíláàsì tí wọ́n fi kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n náírà ni ọ̀pọ̀ ayálégbé ń pa. Bí náírà bá jábọ́, owó ilé lè di ìlọ́po méjì láàárín ọdún kan láìjẹ́ pé onílé fi ẹyọ dọ́là kan kún un. Ìgbà tó bá di bẹ́ẹ̀, onílé a máa gbà kí ayálégbé fi iye pàṣípààrọ̀ tó rẹlẹ̀ sí ti ọjà san án, nítorí ó sàn ju kí àjà ilé náà ṣófo lọ.

Ọjà bíi Balógun, Ìdúmọ̀tà, Aláàbà àti Computer Village ní Ìkẹjà kò jọ èyí rárá. Ayálégbé ibẹ̀ pọ̀, kò sí ẹnì kan tí lílọ rẹ̀ lè mi plásà. Ní Computer Village, ẹni tó gba ṣọ́ọ̀bù kan lè pín in fún ẹni mẹ́ta: ọ̀kan ń ta fóònù lórí kóńtà, ọ̀kan ń tún fóònù ṣe ní igun, ẹnì kẹta gbé tábìlì sí ẹnu ọ̀nà, ó ń ta ṣájà. Owó tí ó ń gbà lọ́wọ́ wọn lè ju èyí tó ń san fún onílé lọ, nǹkan tó sì yẹ kí onílé mọ̀ nìyẹn kó tó dá iye lé ṣọ́ọ̀bù. Ewu irú ibẹ̀ ni kí ọjà fúnra rẹ̀ kó kúrò: ó ti pẹ́ tí ìjọba Èkó ti ń sọ pé òun yóò gbé Computer Village lọ sí Kàtángówà.

Ìwé ilẹ̀

Òfin Ilẹ̀ tí ìjọba ológun ṣe ní oṣù Kẹta 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sọ́wọ́ gómìnà. Látìgbà náà, ẹ̀tọ́ tó ní gbèdéke, tó sábà máa ń jẹ́ ọdún 99, ni C of O, ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí gómìnà ń fọwọ́ sí, ń fúnni. Ẹni tó bá ra ilé lọ́wọ́ ẹlòmíràn ní láti gba ìfọwọ́sí gómìnà. Àwọn kan ka èyí sí owó ìjọba lásán, wọ́n á sì sún un síwájú. Ní 1989, nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé ilé tí wọ́n fi dúró fún ẹ̀yáwó láìsí ìfọwọ́sí gómìnà, asán ni ìdúró náà. Ìyẹn ló fà á tí bánkì kì í fi í ka ilé tí ìwé rẹ̀ kò pé sí nǹkan kan.

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́, lọ́yà á lọ yẹ ìwé náà wò ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń ṣàkọsílẹ̀ ilẹ̀, ní Aláúsá bó bá jẹ́ Èkó, kó lè mọ̀ bóyá wọ́n ti fi dúró ní bánkì tàbí bóyá ẹjọ́ wà lórí rẹ̀. Ẹni tó mọ sọ́fè á gbé sọ́fè lọ sọ́dọ̀ Surveyor-General kó lè mọ̀ bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sínú ibi tí ìjọba ti gbà. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, ìbùwọ́lù olórí ẹbí nìkan kò tó. Àwọn àgbà ẹbí ní láti fọwọ́ sí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n lè lọ fagi lé títà náà nílé ẹjọ́. Bí ọmọ ẹbí kan bá sì tà á lẹ́yìn olórí ẹbí, kò tà á rárá lójú òfin. Ní 2016, Èkó ṣe òfin tó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kí ọmọ onílẹ̀ máa fi ipá gbowó lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́lé.

Àdéhùn

Òfin ayálégbé Èkó ti 2011 kan ilé okòwò pẹ̀lú ilé gbígbé, bó tilẹ̀ yọ Apápá, Ìkẹjà GRA, Ìkòyí àti Victoria Island sílẹ̀. Kò gba onílé láàyè láti béèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Bí àdéhùn kò bá sọ ohun mìíràn, oṣù mẹ́fà ni ìwé ìkìlọ̀ fún ẹni tó ń san owó lọ́dọọdún. Onílé tó bá ń gba service charge, ìyẹn owó ìtọ́jú ilé tó yàtọ̀ sí owó ilé, gbọ́dọ̀ fún ayálégbé ní rìsíìtì tirẹ̀ lọ́tọ̀, kó sì lè ṣe ìṣirò bó ṣe ná an ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, ó kéré tán. Ìjà orí owó dísẹ́ẹ̀lì jẹnẹrétọ̀ ló pọ̀ jù nínú ìjà onílé àti ayálégbé ní plásà, ìwé ìṣirò yìí sì ló lè parí rẹ̀.

Ohun kan máa ń ya onílé tuntun lẹ́nu: ilé iṣẹ́ tó bá gba ọ́fíìsì lọ́wọ́ rẹ̀ yóò yọ 10% nínú owó ilé, yóò sì san án fún ìjọba lórúkọ onílé gẹ́gẹ́ bí owó orí. Ilé iṣẹ́ náà kò jẹ onílé ní gbèsè. Kí onílé ṣáà gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ni.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó ra ilé

Àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà dá ètò REIT sílẹ̀ ní 1960, kí àwọn tí kò lówó ńlá lè ra ìpín nínú ilé iṣẹ́ tó ni ilé okòwò. Lónìí, irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ pín 90% èrè tó yẹ kí wọ́n san owó orí lé fún àwọn tó ni ìpín. Nàìjíríà náà ní irú rẹ̀. UPDC REIT ta ìpín kọ̀ọ̀kan ní ₦10 nígbà tó jáde ní 2013. Abebe Court ní Ìkòyí àti Victoria Mall Plaza ní Victoria Island wà lára àwọn ilé tó kó jọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, iye tí wọ́n ń ta ìpín yẹn lọ́jà rẹlẹ̀ sí ₦10, bẹ́ẹ̀ ayálégbé wà nínú ilé, wọ́n sì ń pín owó ilé.