Iṣẹ́ abẹ kíká agbẹ̀du: wọn ò gé nǹkan kan kúrò o

Tẹ́ ẹ bá sọ fáwọn èèyàn wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí pé iṣẹ́ abẹ kan wà tó ń dín sísanra kù, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ rò ni pé wọ́n máa la ikùn, wọ́n á bu ọ̀rá jáde. Rárá o, ìyẹn lọ́tọ̀. Agbẹ̀du ni wọ́n ń ṣe níbí, àpò tí oúnjẹ ń balẹ̀ sí tá a bá gbé e mì.

Wọ́n á foògùn kun èèyàn lóorun, wọ́n á lu ihò kéékèèké bíi márùn-ún sára ikùn, kámẹ́rà á gba ọ̀kan wọlé, irinṣẹ́ á gba àwọn tó kù, dókítà á wá ká ẹ̀gbẹ́ agbẹ̀du tó yọ síta yẹn wọnú, á rán an látòkè dé ìsàlẹ̀, á tún ká a lẹ́ẹ̀kejì, á tún rán an. Bí télọ̀ ṣe máa ń fún bùbá tó fẹ̀ jù láì fi sísọ́ọ̀sì kàn án nìyẹn. Àyè inú ẹ̀ á wá kéré gan-an, òkèlè àmàlà láfún díẹ̀ báyìí, èèyàn ti yó.

Àwọn dókítà Tehran, ní Ìránì, tí Talebpour ṣáájú wọn, ló gbé e jáde fáráyé lọ́dún 2007. Ohun táwọn èèyàn fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé wọ́n lè tú u, torí wọn ò gé nǹkan kan. Àmọ́ ohun tó ṣeé tú náà lè tú fúnra ẹ̀ o, òwú lè já, agbẹ̀du á tún fẹ̀, ara á tún padà. Iṣẹ́ abẹ míì tí wọ́n ti ń gé bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún agbẹ̀du jù nù máa ń jẹ́ kéèyàn fọn jù ú lọ, ìdí nìyẹn tí kíká yìí ò fi gbilẹ̀ tó o.

Kì í sì í ṣe fún ẹni tí ikùn ẹ̀ kàn yọ díẹ̀ tó fẹ́ wọ aṣọ ẹbí. Òfin tí wọ́n ń tẹ̀ lé tipẹ́, kó tó di pé àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ abẹ dín in kù lọ́dún 2022, ni BMI (ìyẹn òǹkà tí wọ́n fi ń wo bóyá kílò èèyàn ti pọ̀ jù fún bó ṣe ga tó) 40, tàbí 35 tí ìtọ̀ ṣúgà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru bá ti wọ̀ ọ́. Ẹni tó ga ní mítà 1.65 á tó kílò 109 kó tó pé 40.

Lẹ́yìn ẹ̀, nǹkan olómi nìkan ni fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà oúnjẹ tí wọ́n tẹ̀ kúnná, iyán àti àmàlà ṣì jìnnà. Èébì máa ń wà láwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, torí ibi tí wọ́n ká yẹn máa ń wú nínú. Tí èébì ọ̀hún ò bá wá dá, tómi lásán ò dúró nínú, ẹ gbé onítọ̀hún padà sí ọ́sípítù lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má fàgbo dán an wò.