Ọmọ tó ń ka 1 dé 20 tí kò lè bèèrè omi

Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn òbí ní Àbújá máa ń bá wọlé tọ̀ mí wá, ì báà jẹ́ láti Kubwa, ì báà jẹ́ láti Lugbe tàbí Nyanya: "Àǹtí, ọmọ yìí mọ̀wé o! Ó ń ka 1 dé 20, ó ń kọ A-B-C látòkè délẹ̀." Ọmọ ọdún méjì ààbọ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, ẹkún ló fi ń sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn kì í ṣe ìwé mímọ̀, orin ló há sórí. Ọmọ tí kò ní ju "omi" àti "gbé mi" lẹ́nu, àmọ́ tó ń fi wọ́n bèèrè ohun tó fẹ́, ti ta á yọ.

Eré tó ń mú ẹnu là kò gba owó. Ẹ wá ike oúnjẹ kan tó ní ìdérí. Ẹ fi ohun tí ọmọ fẹ́ràn sínú rẹ̀, ẹ dé e pinpin débi tí ọwọ́ rẹ̀ kò fi ní ká a, kí ẹ gbé e fún un. Ẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí ojú yín àti tirẹ̀ ṣe déédéé. Yóò fà á, yóò mì ín, yóò gbá a mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, yóò wojú yín. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń bà á jẹ́.

Ẹ dákẹ́. Ẹ ka 1 dé 10 nínú ọkàn yín, ẹ má sì sáré kà á. Ọmọ ọdún 2 ní láti gbọ́, kó wá ọ̀rọ̀ náà rí, kó tún tò ó sẹ́nu, kò lè yá a bó ṣe ń yá àgbà. Ìyá tó bi í pé "Ṣé kí n ṣí i?" tó sì ti ṣí i kí ọmọ tó mí lẹ́ẹ̀mejì ti já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀. Bó bá dún "ṣ", bó bá gbé ọwọ́ yín lé ìdérí, kódà bó bá kàn wò yín tó tún wo ike, ó ti sọ̀rọ̀. Ẹ pè é fún un, "Ṣí i!", kí ẹ sì ṣí i lójú ẹsẹ̀. Ẹ tún un dé. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún tàbí mẹ́fà tó, kí ẹ kó o nílẹ̀ nígbà tó ṣì ń wù ú.

Ẹ má sọ pé àfi kó kọ́kọ́ ní "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣí i." Ẹ ti sọ eré di ìdánwò nìyẹn, yóò ju ike sílẹ̀, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Bàbá tó ń nàka sí gbogbo nǹkan inú ilé, "Kí lèyí? Kí lèyí?", ìdánwò lòun náà ń ṣe. Ohun tí ọmọ ń wò ni kí ẹ sọ: "Ológbò. Ológbò ń sùn." Kí ẹ sì tún dákẹ́.

Nígbà tí ooru Àbújá bá mú, ẹ gbé abọ́ fífẹ̀ kan àti ife 2 sí bàràńdà, kí omi inú abọ́ má ju ìbú ìka 2 lọ. "Dà á." "Ó kún." "Ó tán." Mo mọ̀ pé ọ̀wọ́n ni omi tí à ń rà lọ́wọ́ mẹ́ruwà, àwọn tó ń ta omi kiri, ẹ fi èyí tó bá kù ṣan ilé ìgbẹ́. Ẹ má fi ọmọ sílẹ̀ níbẹ̀ lọ ro ọbẹ̀ o, omi díẹ̀ báyìí lè gbẹ̀mí ọmọdé. Ẹ dà á kúrò nínú abọ́ kí ẹ tó wọlé.

Ní ti àwọ̀, ẹ kó ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ fọ̀ jọ, pupa àti funfun nìkan, kó máa pín wọn sí agbọ̀n 2. Ẹ má fi àwọ̀ kẹta kún un ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Yorùbá gbè wá níbí: "ìbọ̀sẹ̀ pupa" là ń wí, ojú ọmọ ti wà lára ìbọ̀sẹ̀ kí àwọ̀ tó dé. Ẹ̀yin tí ẹ sì ti pa Yorùbá tì torí pé Haúsá làwọn ará àdúgbò ń sọ, tí ilé ìwé ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, èdè 2 tàbí 3 kọ́ ló ń dá ọmọ dúró. Èyí tó dán mọ́nrán lẹ́nu yín ni kí ẹ fi bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ má fi ẹ̀wà, ẹ̀pà tàbí ọmọ ayò kọ́ ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 3 ní oǹkà. Ẹ̀wà tó bá kó sí imú yóò wú níbẹ̀. Ìdérí ìgò omi náà kò dáa. Ẹ mú páálí tó máa ń kù bí tíṣù bá tán: ohun tó bá gba ihò rẹ̀ kọjá lè há ọmọ lọ́fun.

Fóònù ńkọ́? Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ ní 2019 pé kí ọmọ ọdún 1 má wò ó rárá, kí ti ọmọ ọdún 2 sí 4 má sì ju wákàtí 1 lọ lóòjọ́. Fóònù kì í dákẹ́ dúró de èsì.

Èyí tó wá ń bí mi nínú jù ni abẹ. Ọmọ kò tètè sọ̀rọ̀, ará ilé kan á ní bèlúbèlú, ẹran kékeré tó rọ̀ sẹ́yìn ọ̀nà ọ̀fun, ló dí i lọ́fun, wọ́n á gbé e lọ sọ́dọ̀ wanzami, onígbàjámọ̀ Haúsá, pé kó gé e. Bèlúbèlú kì í di ọ̀rọ̀ lọ́nà! Ó wà lára ohun tó ń bá wa pa ọ̀nà imú dé bí a bá ń gbé nǹkan mì. Ẹ̀jẹ̀ lè máa dà láìdáwọ́ dúró, abẹ tó dọ̀tí lè kó ipá (tetanus) sí ọmọ lára, bó bá sì yè é, ohùn rẹ̀ lè máa gba imú jáde. Ọmọ tí ẹ ń wá ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀!

Etí ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 6, níbi tí kò ti rí yín, kí ẹ fi ohùn jẹ́jẹ́ pè é. Bí ẹ bá pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí kò yíjú, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà etí. Bó bá yíjú, àmọ́ tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan ní oṣù 18, tí kò so ọ̀rọ̀ 2 pọ̀ ní ọdún 2, tàbí tí ọ̀rọ̀ tó ti ń sọ dàwátì, ẹ ṣì gbé e lọ, torí ẹ̀rọ àyẹ̀wò etí ń rí ohun tí ìpè yín kò lè rí. National Ear Care Centre, ilé ìwòsàn etí ti ìjọba àpapọ̀, wà ní Kàdúná, àwọn ilé ìwòsàn ńlá ní Àbújá náà sì ní dókítà etí. Ẹ mú káàdì àjẹsára rẹ̀ dání. Ẹ sọ fún dókítà bí etí rẹ̀ bá ti ṣọyún rí, àti bó bá ti ní yírùnyírùn rí, torí àìsàn yẹn máa ń mú etí lọ.